Bí a ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ àyà ń ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́: ọ̀ràn ọmọdébìnrin kan ní Àkúrẹ́

Ọmọ ọdún 12 ni ọmọdébìnrin náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, oṣù kẹsàn-án ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ padà wá sí Àkúrẹ́, tí wọ́n sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Cystic fibrosis ni àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọn. Nínú oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an tí ikọ́ kò sì jẹ́ kí ó rí oorun sùn mọ́, ni ìyá rẹ̀ mú un wá sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì wa. Fáìlì kan wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ìwé méjì inú rẹ̀ ló mú kí wọ́n pa iṣẹ́ àyà, ìyẹn ọ̀nà mímí àti títi èémí jáde láti fi tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe fún un láàárọ̀ àti lálẹ́ láti kékeré tì. Ọ̀kan sọ pé agbára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ já láti 84% sí 72% lẹ́yìn tí wọ́n dé Nàìjíríà. Èkejì sọ pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà fún un tán, òǹkà àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ burú ju bó ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀, tí ìṣirò kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú rẹ̀, ka méjèèjì, ó ní kí wọ́n má fi ohun tí kò wúlò ni ọmọ lára mọ́.

Mo gba àṣẹ àwọn òbí kí n tó kọ èyí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òǹkà inú ìwé méjèèjì péye. Bí wọ́n ṣe kà á ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ọmọ náà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò kó bá ẹlòmíràn.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀nà tí sickle cell ń gbà wọ ara ọmọ ni òun náà ń gbà: bàbá gbé ẹyọ kan, ìyá gbé ẹyọ kan, kò sí ohun tó ń ṣe àwọn méjèèjì, ọmọ tó bá gba ti bàbá tó tún gba ti ìyá ni àìsàn ń bá jà. Jíìnì CFTR, tí wọ́n ṣàwárí ní 1989, ló yẹ kó máa darí bí iyọ̀ àti omi ṣe ń gba awọ inú ọ̀nà èémí kọjá. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ojú awọ náà á gbẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ki, á lẹ̀ mọ́lẹ̀, kòkòrò á fi ibẹ̀ ṣe ilé. Iyọ̀ á tún pọ̀ nínú òógùn, ìyẹn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: bí chloride inú òógùn bá ti tó 60 mmol/L, ọ̀rọ̀ ti ń dájú nìyẹn. Wọ́n tètè rí ti ọmọ yìí, nítorí láti 2007 ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun jákèjádò ìlú Òyìnbó lọ́hùn-ún láti fi wá a. Ọmọ tí wọ́n bá bí níhìn-ín tó ní in, ó rọrùn kí wọ́n pe tirẹ̀ ní ikọ́ ife tàbí asthma fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn tuntun tí ń tún iṣẹ́ CFTR ṣe wà, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn gba ìyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà ní 2019, àmọ́ dókítà rẹ̀ ti sọ fún wọn pé kò bá irú àbùkù tó wà lára jíìnì tirẹ̀ mu. Iṣẹ́ àyà ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀.

Iṣẹ́ àyà ni wọ́n ń pè é nílé wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń pè é. Mo ní kó ṣe é níwájú mi bó ṣe máa ń ṣe é. Ó jókòó, ó sọ èjìká sílẹ̀, ó mí jẹ́jẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń dá èémí dúró díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè ráyè yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kọjá dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún mí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ya ẹnu, ó ti èémí jáde, "hàà", láìwúkọ́. Ti àkọ́kọ́ gùn, kò le, ìyẹn ló ń kó ohun tó wà nísàlẹ̀ wá sókè. Ti èkejì kúrú, ó le, ó tì í dé ọ̀fun. Ìgbà náà ló tó wúkọ́, ó sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki bí ọ̀gì, tó ní àwọ̀ ewé, sínú ike. Ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí mo ti kọ́ lọ.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fún un láti máa fẹ́ ti bàjẹ́. A fi ike omi ṣe òmíràn fún un: ike gíga, omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 nínú rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ omi. Ó ń fẹ́ ẹ, omi ń hó kùtùkùtù. Omi tó ń dí èémí lọ́nà díẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀nà kéékèèké pa dé kí atẹ́gùn tó jáde tán, híhó rẹ̀ sì ń mi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò lára ògiri. Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù fún ìyá rẹ̀ ni pé omi àná kò gbọdọ̀ sùn sínú ike náà. Kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n fọ ike àti rọ́bà, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Kòkòrò Pseudomonas fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀, bó bá sì ti wọ irú àyà yìí, kì í tètè fẹ́ jáde.

Màmá àgbà ló kọ́kọ́ fi ibi tí ọ̀ràn wà hàn mí. Wọ́n bá wọn wá láti Òkè-Àró, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ọmọ náà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ egungun èjìká, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibí yìí ló ti ń hó." Mo gbé ọwọ́ tèmi síbẹ̀. Lóòótọ́ ni, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ọwọ́ bó ṣe ń mí sínú. Mo fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò àyà tẹ́tí sí i, ohun kan náà ni mo gbọ́. Mo yà á sórí àwòrán àyà nínú fáìlì rẹ̀, láti ìgbà náà ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò bó bá ti dé.

Ìwé àkọ́kọ́ kò pẹ́ yanjú. FEV1 ni wọ́n wọ̀n nínú rẹ̀, ìyẹn iye atẹ́gùn tí ènìyàn lè fẹ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kìíní bó bá mí kún tó sì fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo agbára. Mo ní kí ìyá rẹ̀ wo ìlà tó wà lókè ìdá ọgọ́rùn-ún náà. 1.55 lítà ló wà nínú ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1.55 lítà náà ló wà nínú ti ilé àyẹ̀wò níhìn-ín. Ẹ̀dọ̀fóró kò yí padà rárá. Ohun tó yí padà ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wé e. Ẹ̀rọ kì í dá ìdá ọgọ́rùn-ún mọ̀, ó máa ń wo ọjọ́ orí, gíga, akọ tàbí abo, lẹ́yìn náà á wo tábìlì àfiwé. Tábìlì tí wọ́n ń pè ní GLI 2012 máa ń béèrè ẹ̀yà ènìyàn pẹ̀lú, iye tó ń retí lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun sì ga ju èyí tó ń retí lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú lọ dáadáa. Lọ́hùn-ún, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n tẹ̀ sí i. Níhìn-ín, bí ẹ̀rọ náà ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ 84 àti 72 kò ju ìyẹn lọ. Tábìlì tuntun ti wà báyìí, GLI Global 2022, tí kì í béèrè ẹ̀yà mọ́, òun ni mo fi sórí ẹ̀rọ wa, mo sì tún fi í ṣírò gbogbo òǹkà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá kí gbogbo wọn lè dúró lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo.

Mo fẹ́ kí òbí èyíkéyìí tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ yìí mọ èyí: ẹ máa gba ìwé tí lítà wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè tábìlì tí wọ́n lò. Lítà nìkan náà kò tó fún ọmọdé, nítorí ó ń dàgbà. Ọmọ tó ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tí lítà rẹ̀ kò kúrò lójú kan ti pàdánù nǹkan. Méjèèjì ni kí wọ́n jọ kà.

Nígbà tí a wá wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ wa ní oṣù kìíní, 1.41 lítà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, lítà gan-an ló dín kù, ó sì wáyé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iṣẹ́ àyà tì, kì í ṣe ṣáájú. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fúngbà díẹ̀, ó kàn ń wo ìwé náà.

A ṣe iṣẹ́ àyà fún un lọ́jọ́ yẹn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ púpọ̀ jáde, ojú rẹ̀ fúyẹ́, a tún wọ̀n ọ́n: 1.43. Ìyá rẹ̀ ní, "Dókítà, gbogbo làálàá yìí, 0.02 péré?" Mo sọ fún un pé 0.02 yẹn gan-an, kò yẹ ká kà á sí nǹkan kan. Kí àyẹ̀wò yìí tó péye, ọmọ gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ dáadáa ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, méjì tó ga jù kò sì gbọdọ̀ jìnnà síra ju mílílítà 150 lọ. Tí fífẹ́ méjì lórí ìjókòó kan bá lè fi tó bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra tí a sì gbà á, mílílítà 20 kò lè sọ ohunkóhun fún wa, ì báà jẹ́ ire tàbí ibi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọ̀nà èémí ńláńlá ló ń darí FEV1 jù. Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ pọ̀ lọ súà, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ wọn lè dí kí FEV1 tó mọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn ni cystic fibrosis ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kejì ló gba àlàyé. LCI (lung clearance index) ni òǹkà inú rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí atẹ́gùn ṣe ń rí ọ̀nà gba inú gbogbo ẹ̀dọ̀fóró hàn. Ibi iṣẹ́ wa kò ní ẹ̀rọ rẹ̀, àmọ́ ìlànà rẹ̀ kò ṣòro. Nǹkan bíi 78% nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni nitrogen. Wọ́n á ní kí ọmọ máa mí oxygen nìkan sínú, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfi agbára fẹ́ ohunkóhun. Ẹ̀rọ á máa ka bí nitrogen inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe ń jáde, títí yóò fi ku ìdá kan nínú 40 iye tó wà níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wá fi FRC, ìyẹn atẹ́gùn tó máa ń kù nínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn tí ènìyàn bá mí jáde jẹ́jẹ́, pín gbogbo èyí tó mí jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáká, nǹkan bíi 7 ni tirẹ̀ máa ń jẹ́. Ibi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dí lápá kan, nitrogen ibẹ̀ kì í tètè jáde, òǹkà á ga. Ìdí nìyẹn tí LCI fi máa ń rí àìsàn ìsàlẹ̀ nígbà tí FEV1 ṣì ń dára lójú.

Ti ọmọ yìí, ṣáájú iṣẹ́ àyà, 9.6 ni. Lẹ́yìn rẹ̀, 10.3. Bàbá rẹ̀ ti fa ìlà pupa sábẹ́ 10.3 yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá náà fúnra rẹ̀ wá. Mo ní kí wọ́n fojú inú wo ilé tí èéfín ààrò kún, tí a ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀, tí a wá ń ka bó ṣe pẹ́ tó kí èéfín tó jáde tán. Yàrá kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì pa. Èéfín inú rẹ̀ kò jáde, a ò sì kà á, ó wá dà bíi pé ilé náà tètè mọ́. Bí ẹnìkan bá wá ṣí ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀, èéfín á máa yọ jáde ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ìṣirò á gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí pátápátá nínú ẹ̀dọ̀fóró, nitrogen rẹ̀ kò sí nínú LCI. Bí iṣẹ́ àyà bá là á díẹ̀, ó wọ inú ìṣirò, òǹkà sì lè gòkè lọ́jọ́ tí nǹkan gan-an ń sunwọ̀n.

Wọ́n gbọ́, wọ́n ronú, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè tí mo mọyì rẹ̀ títí di òní: "Bó bá wálẹ̀, ẹ ní ó dára. Bó bá gòkè, ẹ tún ní ó lè dára. Èwo ló wá fẹ́ jẹ́ èyí tí kò dára?"

Ìbéèrè yẹn tọ́, torí àlàyé tó bá ń gba gbogbo nǹkan mọ́ra kò yàtọ̀ sí àìsí àlàyé. A jọ padà sínú ìwé náà. FRC wà nísàlẹ̀, níbi tí kò sẹ́ni tó fa ìlà sí: 1.31 lítà ṣáájú, 1.42 lẹ́yìn. Ọ̀nà yìí kì í ka atẹ́gùn tí kò rí ọ̀nà jáde. Bí FRC bá ga láàárín wákàtí kan tí ọmọ kò kúrò lórí àga, ó jọ pé àyè kan tó ti tì tẹ́lẹ̀ ti ń bá ìyókù mí. Bí yàrá kankan kò bá ṣí, tí àwọn ọ̀nà kàn ń há sí i, kò yẹ kí FRC tí ẹ̀rọ yìí ń kà gòkè bẹ́ẹ̀. Mi ò sì fi pamọ́ fún wọn pé ẹ̀rí yìí kò lágbára tó ẹ̀rí ilé ẹjọ́: láti 9.6 sí 10.3 kò tó 10%, LCI ọmọ tó ní cystic fibrosis sì lè fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà kan sí ìkejì láìsí ìdí. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́ àyà, ti àwọn kan á wálẹ̀, ti àwọn kan á gòkè. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan lókè òkun, wọ́n máa ń jẹ́ kí aláìsàn mí gáàsì xenon-129 sínú kí wọ́n tó fi MRI ya àwòrán, wọ́n á wá rí ibi tí atẹ́gùn wọ̀ àti ibi tí kò wọ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ló lè sọ bóyá ibì kan là nígbà tí ibòmíràn dí, nítorí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ṣí kúrò níbì kan lè lọ há síbòmíràn lójú ọ̀nà.

Èsì tí mo fún bàbá náà ni pé òǹkà tí wọ́n bá wọ̀n lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àyà kò tó ṣe ìdájọ́. Èyí tí a ó máa bẹ̀rù ni LCI tí wọ́n wọ̀n ṣáájú iṣẹ́ àyà, ní àkókò kan náà láàárọ̀, tó ń ga láti oṣù dé oṣù. Ìwádìí kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1983 tọ́ sí ọ̀nà yìí: wọ́n dá iṣẹ́ àyà dúró fún àwọn aláìsàn díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, agbára ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ sílẹ̀, ó sì padà nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ọlọ́jọ́ gígùn ṣọ̀wọ́n, kò sì yà mí lẹ́nu. Òbí wo ni yóò gbà kí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan láìtú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àyà rẹ̀ kí a lè fi wé ti ẹlòmíràn?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà. Dókítà àwọn ọmọdé fún un ní oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà nígbà tí FEV1 gòkè sí 1.52 nínú oṣù kejì, mi ò lè sọ pé iṣẹ́ àyà nìkan ló ṣe é. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní gbangba. Ohun tí mo wá dúró wò ni oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí oògùn ti tán tí iṣẹ́ àyà nìkan kù. Kò já padà. 1.54 ni nínú oṣù kẹta, 1.58 nínú oṣù kẹrin, bẹ́ẹ̀ kò ga sí i ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ó ń sùn mọ́jú. Ó tún ń bá wọn ṣeré ìdárayá nílé ìwé, pẹ̀lú omi àti iyọ̀ nínú àpò rẹ̀, torí oòrùn Àkúrẹ́ kì í ṣe ti kékeré fún ẹni tí iyọ̀ ń bá òógùn lọ tó bẹ́ẹ̀.

A gbìyànjú láti máa wọn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. Òṣùwọ̀n ìdáná kékeré ni ìyá rẹ̀ rà ní Ọjà Ọba, ike onídèérí kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó wúlò, kò sì tó nǹkan tí a lè gbára lé pátápátá. Itọ́ ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà míì ọmọ á gbé e mì kó tó dé ẹnu, pàápàá bí ojú àlejò bá wà. Ọjọ́ tí gíráàmù kéré lè jẹ́ ọjọ́ tí àyà mọ́, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ le jù tí kò jáde. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa ni ọwọ́ Màmá àgbà. Bí gíráàmù bá kéré tí ẹ̀yìn ọ̀tún sì dákẹ́, a máa ń fi ọkàn balẹ̀. Bí ó bá kéré tí ẹ̀yìn ọ̀tún ń hó, wọ́n á tún iṣẹ́ náà ṣe, ọmọ náà á fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ kí apá ọ̀tún lè wà lókè. Bàbá rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ: aago, gíráàmù, ẹ̀yìn ọ̀tún hó tàbí kò hó, ó sùn tàbí kò sùn.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n fẹ́ lọ rí dókítà rẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ti kọ lẹ́tà fún wọn. Lítà ló wà lókè, tábìlì tí a lò tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọ̀n LCI rẹ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ àyà àárọ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ kó tó padà sílé, kí FRC sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà méjèèjì. Mo sàmì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún nínú àwòrán àyà. Ó ṣì ń hó láàárọ̀, ó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ àyà, bó bá di ìrọ̀lẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ibẹ̀ dáadáa kí a lè mọ̀ bóyá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ṣì ń há síbẹ̀ tàbí ọ̀nà èémí ibẹ̀ gan-an ló ti fẹ̀ tí kò lè sún mọ́ra mọ́. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, a ó fi kún iye ìgbà tó ń fẹ́ ike omi. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, ìdùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì yóò di ti ojoojúmọ́ fún un, mo sì ti ń kọ́ ọ bó ṣe lè dá a ṣe láìsí Màmá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.